Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Mo Fi Wá Ibi Tí N Ó Máa Gbé

Kétu, Ọjọ́rú, 3 oṣù kejì 1988

Mo tún ti bírò dísítíríkì dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó kó tó dáhùn. Ó ní, "Kámárádì, ìjọba ò gba nọ́ọ̀sì kankan lọ́dún yìí. Ẹni tó bá ríbi tí yóò ti ṣiṣẹ́, kó máa lọ." Mo ní ta ni yóò sọ fún mi bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbani. Ó ní rédíò.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Ètè mi ti bẹ́. Ìyá mi ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo wọlé, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Ó wo ojú mi, ó dá ọwọ́ padà sínú agbada. Gàrí yìí náà ló fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Kútọnu. Aṣọ funfun mi wà lára ìṣó láti ìgbà tí mo ti gba dìpílómù, eruku ti sọ ọ́ di pupa.

Ọ̀nà tó kù fún mi ò pọ̀. Kí n lọ bá Sìdíkù àfẹ́sọ́nà mi ní Àjàṣẹ́, kí n lọ bá Rùkáyátù ọ̀rẹ́ mi ní Abẹ́òkúta, tàbí kí n jókòó ti ìyá mi títí rédíò yóò fi sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó.

Àbámẹ́ta, 6

Sìdíkù bá ọkọ̀ tó kó páàtì mọ́tò wá sí ọjà Kétu. Ó mú búrẹ́dì àti ṣúgà wá fún ìyá mi. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní ọ̀rẹ́ bàbá òun kan, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìtọ́jú sí òpópónà ilé wọn, ó sì ń wá nọ́ọ̀sì.

"Wọ́n á fún ẹ ní yàrá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin títí a ó fi ṣègbéyàwó," ló wí. "Omi ẹ̀rọ wà. Iná wà. Kí lo tún ń dúró dè?"

"Mi ò dúró de nǹkan kan. Mo ń rò ó ni."

"O ti ń rò ó kí ọdún tó parí."

Òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ràn Sìdíkù. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa mí lẹ́rìn-ín tó o. Ìyá rẹ̀ pàápàá ò rojọ́ pé ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí. Àmọ́ gbogbo bó ṣe ń ròyìn ilé wọn, n kò gbọ́ ibi tí iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ó ní ìyá òun ti ń sọ pé bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí n máa wá bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ òun. Bí ìròyìn ayọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 9

Garawa omi kan ti di ogójì fàránkì. Omi tí a fi fọ aṣọ la fi fọ ilẹ̀.

Ẹtì, 12

Awakọ̀ kan tó ń ná Abẹ́òkúta jíṣẹ́ Rùkáyátù fún mi. Yàrá kan náà la jọ sùn sí ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ilé ìwòsàn aládàáni tí òun wà ń san owó bí oṣù bá ti parí, pé náírà gidi ni, pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí òjò bá mi ní Kétu.

Lónìí yìí kan náà ni dókítà àgbà dísítíríkì wa kó àwa tí a gba dìpílómù tí a jókòó sílé jọ. Èéyi ti wọ àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Adakplamè, àwọn ọmọdé ń kú. Ó ń wá ẹni tí yóò lọ ran nọ́ọ̀sì Ìdí-Oṣè lọ́wọ́ títí òjò yóò fi dé. Kò sí owó oṣù. Abúlé ni yóò bọ́ ẹni tó bá lọ. Àwọn yòókù ń wolẹ̀. Mo nawọ́ sókè. Kì í ṣe àánú ló mú mi ṣe é, ìjókòó ló sú mi.

Ìyá mi ní, "Wọn ò rí owó fún ẹ, àrùn ni wọ́n rí fún ẹ."

"Mo ti ṣe èéyi ní kékeré, Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú mi. Kò lè mú mi mọ́."

"Mo rántí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀."

Ìdí-Oṣè, Ajé, 15

Lábọ̀dé ló fi alùpùpù gbé mi wá. Òun ló ń gbé èrò ní gbogbo ipa ọ̀nà ìhín, láti Kétu títí dé ẹnu bodè. Nígbà tí a kọjá Adakplamè, ọ̀nà di yanrìn, a sọ̀ kalẹ̀ a ń ti alùpùpù. Eruku kún eyín mi.

Ilé ìwòsàn náà jẹ́ yàrá méjì onípáánù. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ ìjọba sára ògiri pé ká gbójú lé agbára ara wa. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àsípíríìnì àti bándéèjì ló wà.

Mùsé Barnabé ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, òun nìkan. Ará Sakété ni, ó ti hu ewú, ó gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàbọ̀, Tántì. Ṣé wọ́n sọ fún yín pé kò sóògùn?"

"Wọn ò sọ."

"Ó dáa. Èmi ti sọ."

Nírọ̀lẹ́, Délégé Ṣàngódélé tó jẹ́ olórí abúlé gbé ẹní àti iṣu wá fún mi. Àgbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó wo bàtà Kútọnu tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Ìyẹn ò ní pẹ́ níbí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 16

Ọmọ ni gbogbo ilẹ̀. Ojú wọn pọ́n, imú ń ṣàn, ara wọn rí págunpàgun bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ìyá ti fi aṣọ dì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ooru yìí nítorí wọ́n ní èéyi ò fẹ́ afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ mi láàárọ̀ ni kí n máa tú aṣọ, kí n máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ mumi. Omi náà ò sí. Kànga jìn débi pé okùn tí wọ́n fi ń fà á gùn ju ilé lọ, ohun tó ń ti ìsàlẹ̀ wá sì dà bí ẹ̀kọ. A sè é, a sẹ́ ẹ, a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i.

Mùsé ń ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ọmọdébìnrin kan wà tí ara rẹ̀ le koko, Wùmí, ọmọ ọmọ Délégé. Àràárọ̀ ló máa ń wá tò sáàárín àwọn aláìsàn. Tó bá kàn án, yóò ká aṣọ sókè, Mùsé yóò fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, yóò ní, "Àyà yìí ń sọ pé ebi ń pa òun." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì máa lọ. Ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń rí eyín Mùsé.

Mo sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó má jẹ̀ẹ́ kó wá mọ́. Ó gbìyànjú. Ọmọ náà gba ẹ̀yìn ilé wá.

Àìkú, 21

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn dín kù, èmi àti Mùsé jókòó sí ibi òjìji. Ó ní ó ti pẹ́ tí owó oṣù òun ti dé kẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Sakété, wọ́n ti lé àwọn tó dàgbà nínú wọn nílé ìwé. Ó bi mí níbi tí n ó lọ bí òjò bá dé. Mo sọ ti Àjàṣẹ́ fún un, mo sọ ti Abẹ́òkúta. Ti Abẹ́òkúta ló wù ú gbọ́. Ó bi mí ní orúkọ àdúgbò, ó bi mí bóyá wọ́n ń gba ọkùnrin. Gbogbo ohun tí Rùkáyátù sọ fún mi ni mo tú sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́rú, 24

Ọmọ kan kú ní òdìkejì abúlé kí wọ́n tó pè wá. Ooru.

Ajé, 29

Mùsé lọ sí Kétu lọ wá oògùn. Ó ní kó tó di Ọjọ́rú òun á dé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó fi ibi tó ń kó abẹ́rẹ́ sí hàn mí, ó tún fi bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù tí a fi ń sè wọ́n hàn mí, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹtì, 4 oṣù kẹta

Mùsé ò tíì dé.

Àbámẹ́ta, 5

Lábọ̀dé gbé aboyún kan wá láti oko. Mo bi í bóyá ó rí Mùsé ní Kétu. Ó ń wo táyà rẹ̀.

"Tántì, mi ò rí i ní Kétu. Ìlárá ni mo ti rí i, lẹ́nu bodè. Ó ru àpò."

"Àpò wo?"

"Àpò tí èèyàn ń rù tí kò bá fẹ́ padà."

Mo gbẹ̀bí aboyún náà. Obìnrin ló bí, ara wọn le. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí ìjókòó Mùsé, mo sì sunkún ìbínú.

Ajé, 7

Mo lọ sọ fún Délégé. Ó ń pọ́n àdá. Mo ní Mùsé Barnabé ti lọ sí Nàìjíríà. Kò dá ọwọ́ dúró.

"A ti gbọ́," ló wí. "Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni tìẹ?"

Ìtìjú mú mi, n kò mọ ohun tó fà á. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Kò sí ohun tí mo lè fi àsípíríìnì ṣe, wọ́n sì ń retí mi ní Àjàṣẹ́.

"O ṣeun tó o sọ fún wa," ló wí.

Ọjọ́rú, 9

Ọjọ́ mélòó kan rèé tí Wùmí ò wá tò mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e dé láàárọ̀. Èéyi ti ràn án, ó sì ti wọ inú àyà, ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí. Pẹnisílíìnì ni mo nílò. Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún un tú, bí ẹni pé ohun tí kò sí ní àná yóò wà lónìí. Mo ránṣẹ́ sí Lábọ̀dé. Ó dé, ìyá gun ẹ̀yìn alùpùpù pẹ̀lú ọmọ láyà, èmi náà há sẹ́yìn wọn. A ò tíì dé Adakplamè tí ìyá fi ní kí Lábọ̀dé dúró. Kò pariwo. Ó ní, "Ó ti dákẹ́."

A yí padà. Oòrùn wà lókè gangan.

Ọjọ́bọ̀, 10

Wọ́n ti sin ín lánàá. Mo di ẹrù mi. Délégé wá sí ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn, ó jókòó sórí òkúta.

"Mo gbọ́ pé o fi omi nù ún kí ẹ tó gbé e délé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyá rẹ̀ ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ." Ó gbọn aṣọ ọrùn rẹ̀. "Oògùn tó yẹ kó lò, ṣé ó wà ní Kétu?"

"Ó wà. Owó la fi ń rà á."

"Ṣé ó wọ́n?"

Mo sọ iye tó jẹ́ fún un. Ó wo ilẹ̀ títí. Kò ju owó adìẹ kan lọ.

Lábọ̀dé dé láti wá gbé mi. Mo ní kó máa lọ.

Kétu, Ajé, 14

Mo lọ bá dókítà àgbà. Mo ní bí wọn ò bá fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, n ó kó àwọn ìyá náà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé ni, pé epo ò sí nínú ọkọ̀ láti fi gbé e lọ. Mo ní Lábọ̀dé wà níta. Wọ́n fi yìnyín sí àpótí, wọ́n fún mi. Mo fi owó ara mi ra pẹnisílíìnì. Ìyá mi fi gàrí kún ẹrù mi. Ó ní mo ti rù.

Ìdí-Oṣè, Ìṣẹ́gun, 15

Yìnyín ò lè pẹ́ nínú ooru yìí, n kò sinmi. Láti ìdájí ni mo ti ń gún wọn. Ìyá Wùmí ló ń pe àwọn ìyá jáde láti ilé dé ilé. Kò bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó pè ló wá. Ní ọ̀sán, yìnyín ti di omi, abẹ́rẹ́ sì ti tán. Mo jẹ ẹ̀wà tí wọ́n gbé wá, n kò mọ ẹni tó sè é.

Àbámẹ́ta, 26

Kò sí ọmọ tuntun tó ṣe èéyi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí.

Sìdíkù wá. Ó dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ń wo ibi gbogbo, ó wá wo ẹsẹ̀ mi tó wà nínú sálúbàtà táyà.

"Ṣé ibí lo fi mí sílẹ̀ wá?"

"Mi ò fi ẹ́ sílẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ tí ẹnì kan ò san kọ́bọ̀ fún?"

Mo ní ẹni tó ń ṣe é ti sá lọ. Ó ní ìwà ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó dẹ ohùn, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi gbóná. Ó ní dókítà Àjàṣẹ́ yẹn ò lè dúró kọjá ààwẹ̀, pé òun náà ò mọ ohun tí òun yóò máa wí nílé mọ́. Mo ṣèlérí pé n ó lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Mo tún sọ fún un pé n ó kọ́kọ́ wo Abẹ́òkúta. Ojú rẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n ó gbà.

Àìkú, 3 oṣù kẹrin

Àjíǹde. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kétu. Gbogbo àwọn obìnrin sáré jáde lọ gbé garawa sábẹ́ páánù, àlùfáà sì dúró dè wọ́n.

Abẹ́òkúta, Ọjọ́rú, 6

Rùkáyátù dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti sanra, ó wọ wíìgì. Ilé ìwòsàn wọn ga, ó mọ́, oògùn kún ibẹ̀ débi pé mo dúró mo kàn ń wò ó. Ó mú mi lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ìyá kan tó fi gíláàsì sí ìdí imú. Ó yẹ dìpílómù mi wò lójú àti lẹ́yìn.

"Faransé ni gbogbo rẹ̀. Wàá máa fọ ilẹ̀, wàá máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí wàá fi ṣèdánwò tiwa."

"Ìgbà wo ni ìdánwò náà, mà?"

"Ìgbà tí òyìnbó ẹnu rẹ bá já geere."

Nígbà tí a jáde, mo wo Rùkáyátù. Mo bi í bóyá òun ti ṣe ìdánwò náà. Ó ń tún wíìgì rẹ̀ ṣe.

"O ò sọ fún mi pé ilẹ̀ lò ń fọ̀."

"Owó tí wọ́n ń san ni mo sọ fún ẹ. Èmi ò purọ́."

Kò purọ́ lóòótọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ń jẹun lára owó náà.

A ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan ti àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú garawa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Mùsé Barnabé ni. Ó rí mi, kò yẹra. Rùkáyátù fi wá sílẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," mo wí.

"Mo fi ọ́ sílẹ̀. N kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Ẹ̀ bá sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ọ, ìwọ lò bá ṣáájú mi sá."

Ó ní àwọn ọmọ òun ti padà sílé ìwé. Ó bi mí nípa èéyi, mo ní ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Wùmí mi ńkọ́? Ta ló ń gbọ́ àyà rẹ̀ báyìí?"

Mo sọ fún un. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìbínú tí mo gbé wá láti Ìdí-Oṣè wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí n ó gbé e kà mọ́. Mo bá a gbé garawa náà dé ibi ìfọṣọ.

Àjàṣẹ́, Àìkú, 10

Mo sùn ní ilé ẹ̀gbọ́n Sìdíkù títí oòrùn fi là. N kò mọ ìgbà tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo yí ẹ̀rọ, omi jáde, mo kàn fi ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Sìdíkù gbé ẹja wá fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní orúkọ aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn dáadáa ni. Ká ní ó burú ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn fún mi.

Ajé, 11

Mo bá dókítà tó ti fẹ̀yìn tì náà jókòó níbi ìtọ́jú rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó bá mi ṣàwàdà, ó fún mi ní kọfí. Ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun ló wá, àti ẹni tó ń fẹ́ ìwé pé ara òun ò yá. Orúkọ wọn ni mo ń kọ. Mo ní ṣé mo lè fún ìyá kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni wọ́n ń sanwó fún láti gún wọn, ọmọ mi. Ìwọ máa bá mi kí wọn."

Ẹ̀yìn ń dùn mí láti orí ìjókòó.

Kétu, Ọjọ́rú, 13

Mo tò ó fún ìyá mi bó ṣe rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń jọ gàrí lọ.

"Kí lẹ rí sí i?" mo wí.

"Mo fẹ́ kó o máa gbé níbi tí omi wà."

"Mo mọ̀."

"Tó o bá mọ̀, tó o ṣì ń bi mí, o ti pinnu nìyẹn."

Ìdí-Oṣè, Àbámẹ́ta, 16

Mo ní kí Délégé pe abúlé jọ. Wọ́n jókòó síwájú ilé ìwòsàn, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan.

Mo ní n ó dúró di ìgbà òjò tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, bí wọ́n bá gba ohun tí mo ní í sọ. Èkíní, ẹni tó bá gba oògùn yóò san owó díẹ̀, owó náà la ó fi ra òmíràn, àwọn obìnrin ni kó sì máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin. Mo ní nítorí àwọn ló ń gbé ọmọ wá. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò omi òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Mo ní kí wọ́n dá oko àgbàdo fún mi, nítorí n kò lè jẹ ọpẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo tún ní n ó máa lọ wo ìyá mi ní gbogbo ìparí oṣù, kí ẹnì kan má sọ pé mo sá.

Bàbá kan ní ìjọba ló yẹ kó ra oògùn. Délégé ní, "Lọ sọ fún un."

Ìyá Wùmí ló dìde. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú.

"Tó bá tún rẹ̀ ọ́, tó o sì fẹ́ lọ ńkọ́?"

Mo fẹ́ ní n kò ní lọ. N kò lè purọ́ fún obìnrin yẹn.

"N ó wá sọ fún yín kí n tó lọ. Ìṣojú yín ni n ó ti gun alùpùpù."

Ó ronú sí i. Ó jókòó. Ó ní ó tó.

Délégé sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí pé kí ló mú mi padà, nígbà tí mo ti rí ìlú ńlá méjèèjì.

"Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí n máa fọ ilẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní kí n máa kí èèyàn. Ibí nìkan ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́."

"Iṣẹ́ àárẹ̀ ni."

"Gbogbo ibi tí mo dé ni àárẹ̀ wà, Bàbá. Tibí ni mo mọ ohun tí àárẹ̀ náà wà fún."

Àìkú, 24

Sìdíkù wá, ó gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo tẹ́ní fún un síbi òjìji. A ò jà. Mo ní kó wá máa ta páàtì ní Kétu, kó máa wá bá mi. Ó rò ó dáadáa, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò ó.

"Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tí bàbá mi ní," ló wí níkẹyìn. "Ṣọ́ọ̀bù páàtì rẹ̀ yẹn, ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún?"

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà ò sì ní wá."

"Mi ò ní wá."

Ó jókòó títí òjìji fi kúrò lórí wa, kò sì sún. Kó tó lọ, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi, ó ní nọ́ọ̀sì tí kò láago, báwo ló ṣe ń ka ìmí aláìsàn. N kò fẹ́ gbà á. Ó fi sórí ẹní, ó sì lọ bá Lábọ̀dé.

Ajé, 25

N kò ṣí ilẹ̀kùn títí oòrùn fi ga. Ẹnì kan gbé omi gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà mi.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù karùn-ún

Òjò ti fìdí múlẹ̀ báyìí, ó ń rọ̀ lọ́sàn-án lọ́sàn-án. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò omi dé ọrùn ọkùnrin, sìmẹ́ńtì ni a ń retí. Wọ́n dá oko àgbàdo mi síbi tí ilẹ̀ ò dáa, mo rí i, mo bá wọn wí, wọ́n tún un dá. Owó oògùn ti tó ra pẹnisílíìnì àti oògùn ibà. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń gba ipò èéyi. Ẹsẹ̀ mi wú.

Ajé, 9

Òjò pa mí bọ̀ láti oko. Mo dé, mo bá obìnrin kan lórí pèpéle ilé ìwòsàn, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀nà Idigny ni òun ti wá, pé wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan wà níbí tí kì í lé èèyàn. Ó béèrè Mùsé Barnabé.

"Kò sí níbí mọ́."

"Ta ló wá wà níbí?"

"Èmi ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, omi ń ro tótó lára mi, ọkọ́ wà léjìká mi.

"O kéré," ló wí.

Mo gbé ọkọ́ ti ògiri, mo fọ ọwọ́ mi, mo ní kó sọ ọmọ náà kalẹ̀ kí n wò ó.